Fríìjì Tí Ìyá Rẹ Sọ Ní Roheem

Ṣọ́ọ̀bù Lìádì Oní-fríìjì,
Ẹ̀yìn Ọjà, Olódò,
Ìbàdàn.
Ọjọ́ Àlàmísì, lẹ́yìn ìrun Àlàásárì.

Roheem, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ọ̀wọ́n,

Àsàláámù aláékùmù. Ọlọ́run Ọba yóò bá mi tọ́jú ìwọ, ìyàwó rẹ àti àwọn ọmọ. Ṣé ara yín le bí mo ṣe ń gbà á ládùúrà? Ṣé òtútù ilẹ̀ Kánádà ti rọlẹ̀ díẹ̀? Tiwa níbí kò burú jù. Òjò ti bẹ̀rẹ̀, ilẹ̀ Olódò ti di pọ̀tọ̀pọ́tọ̀, àwọn ọlọ́kadà sì ti rí ohun tí wọn yóò máa fi bá wa jà. Orúnkún mi ọ̀tún a máa dùn mí tí mo bá bẹ̀rẹ̀ sẹ́yìn fríìjì pẹ́, àmọ́ ẹni tó ń tún fríìjì ṣe tí orúnkún kò dùn ún, àfi kó jẹ́ pé orí àga ló ti ń ṣe é. Mo dúpẹ́, mo tọ́pẹ́ dá.

Ó lè yà ọ́ lẹ́nu pé lẹ́tà ni mo kọ nígbà tí fóònù wà lápò mi. Mo ti gbé fóònù náà láìmọye ìgbà kí n bá ọ sọ̀rọ̀ yìí, n ó sì tún gbé e sílẹ̀. Mo mọ̀ ọ́. Láti kékeré, ọ̀rọ̀ kì í tíì dé ìdajì lẹ́nu ẹni tí wàá fi já a gbà. Ìwé nìkan ni o kò lè já ọ̀rọ̀ gbà lẹ́nu rẹ̀. Najeem tí a jọ ń kírun ní mọ́ṣáláṣí, tí ó wá kí àwọn òbí rẹ̀, ń padà sí ìlú yín lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, òun ni n ó fi í rán. Mo bẹ̀ ọ́, jókòó kí o tó kà á, kí o sì kà á dé òpin. Ọ̀rọ̀ pọ̀ nínú ìwé kọ́bọ̀.

Kí n kọ́kọ́ jíṣẹ́ tí o rán mi. O ní kí n lọ yẹ fríìjì ìyá rẹ wò ní Erunmu kí o tó dé fún àdúrà ọdún kan wọn. Mo ti lọ. Mo tú ẹ̀yìn rẹ̀, mo fi búrọ́ọ̀ṣì gbọn eruku ara páìpù rẹ̀, mo fọ rọ́bà etí ilẹ̀kùn méjèèjì, mo sì lé alángbá kan tó ti sọ ìdí mọ́tò rẹ̀ di ilé baba rẹ̀. Sítábíláísà ń ṣiṣẹ́. Sólà náà ń gbé e nígbà tí àwọn oníná bá ṣe tiwọn dé. Fríìjì olówó ńlá dà bí ọmọ àkẹ́bàjẹ́, nǹkan kékeré ló ń bí i nínú: iná tí kò dúró sójú kan, ògiri tó sún mọ́ ọn jù, àpò ìrẹsì tí wọ́n gbé ti ẹ̀yìn rẹ̀. Mo ti rí èyí tí wọ́n fi aṣọ bò títí tí kò fi rí èémí mí mọ́. Èyí tó wà nílé yín kò rí ìyà kankan. Ẹni tó ń tọ́jú rẹ̀ mọ ìtọ́jú. Mo tan iná sí i, ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ wọ́ọ́rọ́wọ́, àfi kí èèyàn fi etí lé e kó tó gbọ́ ohùn rẹ̀. Iṣẹ́ tí o rán mi parí síbẹ̀. Èyí tí mo fẹ́ sọ báyìí, ẹnikẹ́ni kò rán mi.

Ṣé o rántí ọjọ́ tí fríìjì náà dé? O kò sí nílé lóòótọ́, ṣùgbọ́n orí fóònù ni o ti ń wò wá, tí o ń pariwo pé kí a rọra. Ó ga jù mí lọ. Ilẹ̀kùn rẹ̀ méjèèjì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn bíi ti kọ́bọ́ọ̀dù, èyí òsì fún ohun tí yóò dì, èyí ọ̀tún fún ohun tí yóò kàn tutù. Kò gba ẹnu ọ̀nà wọlé. Èmi ni mo tú àwọn ilẹ̀kùn rẹ̀ sílẹ̀ níta gbangba, tí a gbé e wọlé bí ẹni gbé ìyàwó, tí mo sì tún wọn dè. Gbogbo agbo ilé ló dúró. Ìyá rẹ, ẹ̀gbọ́n mi Àbíkẹ́ tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, fi ọwọ́ pa á lára láti òkè dé ìsàlẹ̀, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi oríkì rẹ kí i. Wọ́n ń ki ẹ̀rọ! Mo ní kí wọ́n rọra kí ó má lọ dá wọn lóhùn.

Láti ọjọ́ náà ni wọn kò ti pè é ní fríìjì mọ́. Roheem ni wọ́n sọ ọ́. "Ẹ bá mi bu omi wá lọ́dọ̀ Roheem." "Ẹran yẹn, ẹ gbé e fún Roheem kó bá wa tọ́jú rẹ̀." Àlejò tí kò bá mọ̀ á máa wo ojú wa lọ́kọ̀ọ̀kan. O mọ̀ pé bí ilẹ̀kùn rẹ̀ bá ṣí sílẹ̀ pẹ́ díẹ̀, ẹ̀rọ náà a máa dún. Wọ́n á pariwo láti inú yàrá pé, "Ẹ tètè tì í o, Roheem ti ń bínú!" A ó rẹ́rìn-ín. Mo ṣàlàyé fún wọn títí pé òtútù tó ń jáde ló ń kéde, wọ́n ní ṣé èmi ni n ó wá fi ọmọ àwọn han àwọn ni. Kì í ṣe pé ọjọ́ ogbó ti ń dà wọ́n láàmú. Ọmọ wọn ló jìnnà, wọ́n sì rí ohun tí wọ́n lè máa pe orúkọ rẹ̀ sí láràárọ̀. Èmi ò rí ohun tó burú níbẹ̀ nígbà yẹn, n kò sì rí i títí di òní.

Wàyí o, kí n sọ nǹkan kan fún ọ nípa iṣẹ́ mi, nítorí ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ wà. Láti ìgbà tí mo ti ń ṣe iṣẹ́ yìí, ìbéèrè kan ṣoṣo ni àwọn èèyàn wa ń bi mí tí mo bá tún fríìjì wọn ṣe tán: "Ṣé ó ń dì?" Wọn kì í béèrè bóyá ó tutù. Bí omi kò bá tíì di òkúta, lójú wọn, fríìjì náà kò tíì ṣiṣẹ́. Mo ti ṣe ti ilé ńláńlá inú ìlú, mo ti ṣe ti àwọn abúlé ìhín, ẹnu wọn kò yàtọ̀. Màá ní, "Apá ibí yìí kò yẹ kó dì o, ẹ̀fọ́ àti omi mímu ló wà fún." Wọ́n á ní, "Ẹ̀ńjíníà, ẹ bá wa fi gáàsì kún un." Lọ́dọ̀ tiwa, ohun tí kò bá tíì dì, kò tíì tutù nìyẹn. Tẹ́lẹ̀, mo máa ń fi í ṣe ẹ̀fẹ̀ fún àwọn tí a jọ ń ṣiṣẹ́. Ẹ̀fẹ̀ náà ti kúrò lẹ́nu mi.

Nígbà tí ìtọ̀ ṣúgà ìyá rẹ kọjá ohun tí oògùn oníhóró lè ká, tí dókítà ní abẹ́rẹ́ ló kàn, nọ́ọ̀sì kọ́ wọn bí wọn yóò ṣe máa gún ara wọn nítòsí ìdodo. Láàárín ìgbà díẹ̀ wọ́n mọ̀ ọ́n ṣe bí ẹni pé iṣẹ́ ìdílé wọn ni. Wọn kò jẹ́ kí Humairah àbúrò rẹ fọwọ́ kàn án. Wọ́n ní ara tàwọn ni, ọwọ́ tàwọn ni yóò máa gún un. Nọ́ọ̀sì náà sọ fún wọn pé ibi tí ó bá tutù nínú fríìjì ni kí wọ́n máa fi oògùn náà sí. Ọ̀rọ̀ tó tọ́ ló sọ. Humairah sì tò ó sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún lójú gbogbo wa, ní ibi tí omi mímu ń gbé, kí ó tó máa lọ sí ilé ìwé tí ó ti ń kọ́ àwọn ọmọdé. Lẹ́yìn ìyẹn, bí ẹnikẹ́ni bá béèrè pé oògùn ńkọ́, ìyá rẹ á ní, "Ó wà lọ́wọ́ Roheem." Ọkàn gbogbo wa á sì balẹ̀.

Ṣùgbọ́n ṣúgà náà kò wálẹ̀. Ìwọ náà rántí àsìkò yẹn. Humairah kó gbogbo nǹkan dídùn inú ilé fún àwọn ará àdúgbò, ó yí oúnjẹ ìyá rẹ padà, ó ń gún ọ̀gẹ̀dẹ̀ dúdú fún wọn títí ọwọ́ rẹ̀ fi bó. Ó ń gbé wọn lọ sí ọsibítù, dókítà á fi kún abẹ́rẹ́, wọ́n á padà wálé, ṣúgà á tún lọ sókè sí i. Wọ́n ń rù. Ojú wọn ń ṣú. Òùngbẹ kò jẹ́ kí wọ́n sùn. Ìwọ ń pè láti ọ̀hún, o ń bínú. O bi í bóyá ó ń fún wọn ní ohun tí kò yẹ, o bi í bóyá wọ́n ń gba abẹ́rẹ́ lásìkò. Ó ń dá ọ lóhùn pé, "Bọ̀dá mi, wọ́n ń gún un." Òótọ́ ló ń sọ. Lójú rẹ̀ ni wọ́n ti ń gún un láràárọ̀, kò sí ọjọ́ kan tí wọ́n fò.

Èyí tó tẹ̀ lé e kò ṣe é sọ pẹ́. Ìyá rẹ sùn, wọn kò jí dáadáa mọ́, a gbé wọn dé ọsibítù, wọ́n dákẹ́. Gẹ́gẹ́ bí ẹ̀sìn wa ti wí, a sin wọ́n lọ́jọ́ náà lẹ́yìn ìrun Àìlà, ìwọ kò sì lè dé. Humairah ló di fóònù mú kí o lè rí ibojì. Ó gbé ohùn fóònù náà síta kí o lè gbọ́ àdúrà Lèmọ́mù, kí àwa náà sì lè gbọ́ tìrẹ. O sọ ọ́ lójú gbogbo wa. O ní, "Humairah, ìwọ lo pa ìyá mi." Àwọn tí ó mú ṣọ́bìrì dáwọ́ dúró. Mo wo ọmọ náà, mo rò pé yóò pa fóònù tàbí kí ó jù ú sílẹ̀. Kò ṣe bẹ́ẹ̀. Ó dì í mú síbẹ̀, ó na ọwọ́ rẹ̀ kí o lè máa rí ìyá rẹ, títí yẹ̀pẹ̀ fi kún. Ẹyin lohùn, Roheem. Ojú mi ló ṣe nígbà tí ó bọ́ lọ́wọ́ rẹ.

Lọ́jọ́ tí a fẹ́ ṣe fídáù ọjọ́ kẹjọ, àbúrò rẹ ń kó ẹja jáde láti fi se oúnjẹ sàráà. Ẹja náà wà nínú àpótí ìsàlẹ̀ pátápátá, lẹ́gbẹ̀ẹ́ òsì. Lábẹ́ ẹja ló ti bá ike áísìkiriìmù kan. Ìwọ náà mọ ike áísìkiriìmù ilé wa, áísìkiriìmù kì í gbé inú rẹ̀. Ó rò pé ata lílọ̀ ni. Nígbà tó ṣí i, ìgò oògùn ìyá rẹ ló wà níbẹ̀, àwọn tí wọn kò tíì lò, tí a fi àkísà gèlè wọn wé lọ́kọ̀ọ̀kan bí ẹni wé ọmọ tuntun. Gbogbo rẹ̀ ti dì gbagidi.

Ó pè mí. N kò kọ́kọ́ mọ ohùn rẹ̀. Ó ní, "Bàbá Olódò, ẹ máa bọ̀ pẹ̀lú irinṣẹ́ yín. Fríìjì yìí ti bàjẹ́, ó ń mú ohun tí kò yẹ kó dì dì." Mo wá. Ó fi àpótí ìsàlẹ̀ náà hàn mí. Àpótí yẹn jẹ́ èyí tí a lè ní kí ó kàn tutù, a sì lè ní kí ó dì, ojú ilẹ̀kùn níta ni a ti ń tẹ̀ ẹ́. Ó ní bóyá Màámi tẹ̀ ẹ́ sí kí ó kàn tutù ni, bóyá ẹ̀rọ ló yí ara rẹ̀ padà lẹ́yìn wọn. Ó ní, "Ẹ bá mi yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa o. Nǹkan kan gbọ́dọ̀ ṣe é." Ó dúró lé mi lórí, ó ń wo ọwọ́ mi.

Roheem, mo tú fríìjì náà dé egungun. Mo wo bóòdù rẹ̀, mo wo wáyà tó ń gbọ́ òtútù, mo ki ìwọ̀n òtútù bọ àpótí kọ̀ọ̀kan, mo dúró tì í. Láti ọjọ́ tí mo ti gba iṣẹ́ yìí lọ́wọ́ ọ̀gá mi, n kò tíì fẹ́ kí fríìjì kan bàjẹ́ bí mo ṣe fẹ́ kí èyí bàjẹ́. Mo ń wá àrùn lára rẹ̀ bí ẹni ń wá owó tó sọnù. Kò ní àrùn. Ibi tí a tẹ̀ ẹ́ sí lọ́jọ́ tó wọlé ló ṣì wà, ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún ń tutù bó ṣe yẹ, ẹ̀gbẹ́ òsì ń dì bó ṣe yẹ. Ohun tó dára ni o rà. Nígbà tí mo sọ fún un pé kò sí ohun tó ṣe é, ó ní kí n tún un wò. Mo tún un wò.

Àṣé ẹnì kan ti rí i. Zubaidah tó ń gbé ilé kejì, tó máa ń wá bá ìyá rẹ jókòó lẹ́yìn ìrun Àsùbáà, ló wọlé bá wa níbẹ̀. Nígbà tó rí àwọn ìgò náà, kò yà á lẹ́nu rárá. Ó ní, "Ṣebí ibẹ̀ náà ni ìyá ń gbé e sí. Wọ́n á mú un jáde kí ilẹ̀ tó mọ́, wọ́n á ká a mọ́ àtẹ́lẹwọ́, wọ́n á máa ṣe tèsúbà lé e lórí títí á fi yọ́. Mo rò pé bí dókítà ṣe kọ́ wọn ni." Ó ní òun bi wọ́n nígbà kan pé èé ṣe tí wọn kò fi í sí ọ̀dọ̀ omi mímu. Ìyá rẹ ní ọ̀dọ̀ omi mímu yẹn ńkọ́, èyí tí kò dì yẹn, ṣé ìyẹn náà ni wọ́n ń pè ní tutù? Wọ́n ní bí ẹja bá lè pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ níbẹ̀ tí kò bàjẹ́, oògùn ẹ̀mí àwọn ni yóò bàjẹ́? Wọ́n ní inú lọ́hùn-ún, níbi tí ọwọ́ Roheem ti le jù, ni àwọn fi í sí.

Humairah pe nọ́ọ̀sì lórí fóònù. Nọ́ọ̀sì náà pariwo. Ó ní bí oògùn yẹn bá ti dì lẹ́ẹ̀kan péré, agbára rẹ̀ ti lọ, bó tilẹ̀ yọ́ padà, bí ẹni ń gún omi sára ni. Ìyá rẹ ń gún omi sára láràárọ̀ pẹ̀lú bísímílà, dókítà sì ń fi kún un.

Mo rò pé inú àbúrò rẹ yóò dùn, mo fẹ́ sọ òótọ́ fún ọ. Mo rò pé yóò ní kí n gbé fóònù, kí n sọ fún ọ lójú ẹsẹ̀ pé ọwọ́ òun mọ́. Bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran. Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ nídìí fríìjì, ilẹ̀kùn ṣí sílẹ̀ sí i lára, ẹ̀rọ ń dún, kò sẹ́ni tó tì í nínú wa. Ó ní, "Bàbá Olódò, ẹ bá mi bo ọ̀rọ̀ yìí mọ́lẹ̀. Ẹ jẹ́ kí bọ̀dá mi máa rò pé èmi ni. Bó bá rò pé èmi ni, á rí ẹni bínú sí. Bó bá mọ̀ pé inú nǹkan tó fi ìfẹ́ rà fún Màámi ni oògùn ti bàjẹ́, nǹkan tí wọ́n tún fi orúkọ rẹ̀ pè, ta ni ó máa bínú sí? Kò ní lè mu omi tútù mọ́ láyé rẹ̀." Ó fi Al-Kùránì bẹ̀ mí. Ó bẹ Zubaidah. A gbà fún un.

A ti pa á mọ́ láti ìgbà náà. O kò gba ìpè rẹ̀ mọ́, kò sì pè ọ́ mọ́. Nígbà tí ọdún Iléyá dé, o fi ohùn ránṣẹ́ kí gbogbo wa lọ́kọ̀ọ̀kan, o fo orúkọ tirẹ̀. Ó wà níbẹ̀ nígbà tí a ń gbọ́ ọ. Ó ní kí wọ́n tún un gbé kí òun gbọ́ bí ọmọ rẹ kékeré ṣe ń sọ̀rọ̀ níparí. Mo jáde lọ sí ẹ̀yìnkùlé.

Ǹ bá pa á mọ́ títí n ó fi kú, nítorí ẹ̀jẹ́ ni. Ṣùgbọ́n ìwọ lo tún pè mí lóṣù tó kọjá pé o ń bọ̀, o ní kí n yẹ fríìjì wò, o sì fi kún un pé, "Bàbá Olódò, ẹ sọ fún ọmọbìnrin yẹn pé n kò gbọdọ̀ bá a nílé Màámi." Ọmọbìnrin yẹn! Àbúrò rẹ tó jẹ́ opó, tí kò ní ibòmíràn tó ń pè ní ilé. Mo jíṣẹ́ náà fún un nítorí pé mo ń retí kí ó bínú, kí ó sọ fún mi pé ó tó gẹ́ẹ́. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi ni wọ́n, wọ́n láṣẹ." Ó ti gba yàrá kan sí ìhà ibi tí a wà yìí ní Olódò, yàrá tí òjò ń rọ̀ wọ̀. Ó ti ń di ẹrù. Nígbà tí mo lọ fọ fríìjì, èmi àti òun la jọ sún un kúrò lára ògiri, òun ló sì bá mi di tọ́ọ̀ṣì mú. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Mo ti yẹ ẹ̀jẹ́ mi báyìí. Ọlọ́run yóò bi mí léèrè, n ó sì dáhùn.

Mo mọ ohun tí ò ń ṣe níbi tí o jókòó sí báyìí. Mo ti sunkún tèmi kí n tó kọ ọ́. Gbọ́ mi, ọmọ mi: ìwọ kọ́ lo pa ìyá rẹ. Fríìjì kò pa wọ́n. Ẹ̀gbọ́n mi kò pa ara wọn. Ọ̀rọ̀ kan tó kéré, tutù, ni wọ́n gbọ́ bí gbogbo wa níhìn-ín ṣe ń gbọ́ ọ, tí wọ́n sì fi ìfẹ́ ìwọ ọmọ wọn kún un. Àkókò wọn ló pé, ọ̀dọ̀ Ọlọ́run la ti wá, ọ̀dọ̀ rẹ̀ la sì ń padà sí. Bóyá ọjọ́ ń bọ̀ tí yóò tù ọ́ nínú pé ohun tí wọ́n fi ń dá ara wọn lọ́kàn balẹ̀ títí dé òpin ni pé ọwọ́ rẹ ni ẹ̀mí wọn wà. Lónìí, mo mọ̀ pé kò lè tù ọ́ nínú. Èmi náà kò tíì rí ìtùnú.

Ohun tí mo ń bẹ̀ ọ́ fún kò pọ̀. Má bá mi jà, má bá Zubaidah jà, má sì wá máa bá ara rẹ jà. Ìyá kan ni ó bí ẹ̀yin méjèèjì, ó sì ti lọ. Ẹni tó kù fún ọ ni ẹni tó gbà kí o kórìíra òun kí o má bàa kórìíra ara rẹ. N kò tíì rí irú rẹ̀ rí, mo sì ti pẹ́ láyé.

Ọlọ́run yóò tẹ́ ẹ̀gbọ́n mi Àbíkẹ́ sí afẹ́fẹ́ Àlùjánnà. Yóò fi orí jì wọ́n, yóò sì fi orí jì wá. Ìwọ Roheem, wàá dé láyọ̀, ọkọ̀ òfurufú kò ní ṣe ọ́ léṣe. Ọmọ rẹ kò ní sin ọ́ lórí fóònù. Ilé kan náà ni ìwọ àti àbúrò rẹ yóò máa jẹun nínú rẹ̀ títí tí irun yóò fi funfun lórí yín. Kí ìyàwó rẹ fún mi. Àmín, àṣẹ Ọlọ́run.

Èmi ni àbúrò ìyá rẹ, tí ó tún jẹ́ bàbá rẹ,

Lìádì, Bàbá Olódò.

Àfikún: Mo ti lẹ ẹnu àpòòwé yìí kí Humairah tó yà sí ṣọ́ọ̀bù, ni mo bá tún un tú. Ó wá béèrè ọjọ́ tí ọkọ̀ rẹ yóò balẹ̀. Ó ní òun yóò ti kó jáde kí o tó dé gẹ́gẹ́ bí o ṣe fẹ́, àmọ́ òun fẹ́ se ọbẹ̀ sílẹ̀ dè ọ́, kí o má bàa fi ebi sùn nínú ilé tí kò sí ẹnikẹ́ni. Ó ní ó ti pẹ́ tí o ti lọ, òun kò mọ̀ bóyá o ṣì ń jẹ ata. Ó bi mí. Bí o bá ka ibí yìí tán, pè é, kí o sọ fún un.